Ìwé Ìtàn Àròsọ: Ogún Zaria àti Ogún Tiwa

Bí a bá dárúkọ Zaria fún ọmọ Yorùbá, ohun tí í kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ojú irin, òwú, àti Yunifásítì Ahmadu Bello tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé Ṣábó àti Tudun Wada láti ayé bàbá wọn ni kò fiyè sí i pé ìlú yìí kan náà ni ìwé ìtàn àròsọ èdè Hausa ti gbilẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ìtàn náà, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní Òkè Ọya.

Ní 1933, ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣe ìtumọ̀ èdè, èyí tí Rupert East jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gbé ìdíje kalẹ̀ pé kí àwọn tó gbọ́ Hausa dáradára kọ ìtàn gígùn. Ìwé márùn-ún ló ti ibẹ̀ jáde, kò sì sí méjì tó jọ ara wọn. Abubakar Imam kọ Ruwan Bagaja, ìtàn ẹni tó rin ìrìn àjò kiri láti wá omi ìwòsàn. Bello Kagara, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ Gandoki, ìtàn jagunjagun tó bá òyìnbó jà, tó sì ko àwọn àlùjọ̀nnú lójú. Muhammadu Gwarzo kọ Idon Matambayi lórí àwọn ọlọ́ṣà. John Tafida àti East fúnra rẹ̀ kọ Jiki Magayi lórí ìfẹ́ àti ẹ̀san. Ìkarùn-ún ni Shaihu Umar, ìtàn ọmọ tí a kó lẹ́rú títí dé Íjíbítì, tí ìyá rẹ̀ sì wá a lọ. Olùkọ́ ilé ìwé kan ló kọ ọ́, Abubakar Tafawa Balewa, ẹni tó wá di olórí ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà.

Imam kò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ Magana Jari Ce ní apá mẹ́ta, òun náà sì ni olóòtú àkọ́kọ́ fún ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Nígbà tí a dá ilé iṣẹ́ Gaskiya sílẹ̀ ní Zaria ní 1945, ìwé Hausa ti rí ilé tí yóò máa ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ilé wàyí. Ní 1929, Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú Akéde Èkó bí ẹni pé lẹ́tà ni obìnrin náà ń kọ. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé àwọn mìíràn fi owó ránṣẹ́ sí i. Láti inú ìdíje ni D. O. Fágúnwà náà ti jáde: ìdíje 1936 ló kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Ẹni tó bá ka ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó, tó sì ka ìrìn àjò omi ìwòsàn Imam, yóò rí i pé aládùúgbò ni àwọn méjèèjì. Òkè Ọya náà sì ni Fágúnwà ti lọ bá àwọn baba rẹ̀: odò ló gbé e lọ ní Wuya lẹ́bàá Bida, ní oṣù Kejìlá 1963.

Lẹ́yìn òmìnira ni ẹ̀ka ìtàn wa wá pọ̀ sí i. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ní 1969, ìtàn ayé àtijọ́ nípa àwọn tí ìsìnrú sú. Ní ọdún kan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, tó sì mú Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, dojú kọ àwọn jàǹdùkú. Kọ́lá Akínlàdé tẹ ọ̀nà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí pẹ̀lú Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ìtàn ìfẹ́ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá mú wá ní 1974 nínú Ó Le Kú, nípa ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tí ọkàn rẹ̀ pín sọ́nà mẹ́ta.

Àwọn aládùúgbò wa kò sùn. Láti Zaria níbí ni So Aljannar Duniya ti Hafsat Abdulwaheed ti jáde ní 1980. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin Kano tú jáde, tí wọ́n ń fi owó ara wọn tẹ ìwé tí wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Balaraba Ramat Yakubu, àbúrò Ọ̀gágun Murtala Muhammed, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ìwé rẹ̀ Alhaki Kuikuyo Ne di èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Kí ni gbogbo èyí kàn wá sí? Ọmọ tí a bí ní Ṣábó ń sọ Hausa ní àdúgbò, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé, etí nìkan ló sì fi ń gba Yorùbá. Bí òbí rẹ̀ bá pe òwe, yóò rẹ́rìn-ín, kò ní lè dáhùn. Bí òun náà bá bímọ, kí ni yóò fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́? Ìlú tí a ń gbé ti fi hàn wá pé èdè tí a ń kọ, tí a ń tẹ̀, tí a sì ń kà, kì í tètè rẹ̀yìn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ti ilé Iléyá tàbí Kérésìmesì bọ̀, tí ẹ di gàrí àti èlùbọ́ sínú àpò, ẹ fi ìwé méjì kún un. Ẹ má fi Fágúnwà bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé Yorùbá kà dáradára, nítorí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lè dẹ́rù bà á. Lápàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, eré sísá ọlọ́ṣà kò sì ní jẹ́ kí ó gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á sókè fún un lálẹ́, ojú ewé méjì méjì. Ẹ má sì ṣe dí i lọ́wọ́ kíka Imam: ẹni tó mọ adùn ìtàn ọmọnìkejì ni yóò mọ ìwọ̀n tirẹ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.