Ìrẹsì Disẹ́ḿbà, Gààrí Fẹ́búárì



Ní Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, àwa mọ́kànlá ní SS2 jáde láti àárọ̀ títí di alẹ́. A ṣe iṣẹ́ ọwọ́, a lọ ṣèrànwọ́ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan, a sì parí rẹ̀ síbi àríyá àdúgbò. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tí a yà, ẹ rí kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá nígbà tí à ń padà bọ̀. Látìgbà tí a ti wọlé ni àwọn kan ti ń sọ pé ahun ni wá, pé a gbé oúnjẹ lọ han àwọn ọmọ, a tún gbé e padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta lọ bi màmá tó ń mójú tó ilé náà pé kí ni kí a mú wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ní Disẹ́ḿbà, ìrẹsì máa ń pọ̀ níbí débi pé a kì í ríbi kó o sí. Tó bá di Fẹ́búárì, gààrí gan-an, ife la fi ń wọ̀n ọ́n." Wọ́n fi yàrá ìkẹ́rù hàn wá. Àpò ìrẹsì kún un dé ẹnu ọ̀nà, kéèkì tí ẹnìkan gbé wá sì ti bu.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà, ẹ ó rí i pé kò yani lẹ́nu. Ọjọ́ karùn-ún Disẹ́ḿbà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni láti ọdún 1985. Kérésìmesì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 25, Boxing Day ní ọjọ́ 26. (Nígbà tí mo wà ní pámárì, mo rò pé ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń kàn lọ́jọ́ yẹn. Àṣé àpótí ẹ̀bùn tí àwọn ará Bìrìtìkó ń fún àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni orúkọ náà ti wá.) Gbogbo ènìyàn ló ń fúnni lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wá di Jánúárì, owó ilé ìwé á gbá àpò àwọn òbí wa mọ́ féfé, ta ló kù tó fẹ́ rántí?

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Ṣàngótẹ̀dó nìkan. Ní 1967, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John van Hengel dá báńkì oúnjẹ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà: ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ tó pọ̀ jù jọ sí, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní. Ní Èkó níbí náà, Lagos Food Bank Initiative tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀. Àwa ní tiwa, kẹ́ẹ̀gì méjì ni báńkì wa.

Ẹ̀wà ló wà nínú wọn, dẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan tí kálukú mú wá láti ilé. A fọ kẹ́ẹ̀gì, a sá a gbẹ. A sá ẹ̀wà náà. A rọ ọ́ kún dé ọrùn kí àyè má ṣẹ́ kù fún atẹ́gùn, a fi nọ́lọ́ọ̀nù dé e, a sì fi ìdérí rẹ̀ há a pa. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí títí atẹ́gùn á fi tán, á sì kú. Ìyá tó ta ẹ̀wà fún mi lọ́jà ní kí a fi ata gbígbẹ sí i. A fi sí i, ṣùgbọ́n olùkọ́ báọ́lọ́jì wa ní híhá tí a há a pa ló ń ṣiṣẹ́ jù. A gbé e lọ kí màmá lè rí i. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a gbé e padà, torí eku ti wọ yàrá ìkẹ́rù wọn.

Nígbà náà, kí la fún àwọn ọmọ náà? Bébà aláràbarà ni, kàlẹ́ńdà àtijọ́, páálí Indomie àti gọ́ọ̀mù tí a fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sè láàárọ̀. Omi tútù la kọ́kọ́ fi pò ó, kí a tó da omi tó ń hó lé e, tí a sì ń rò ó. Ẹ má da omi gbígbóná lé e ní gbígbẹ o! Èyí tó wà níta á wú kíákíá, á bo èyí tó wà nínú, kókó ló máa dà. Èmi ni mo ba ìkòkò àkọ́kọ́ jẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Màmá ti sọ fún wa pé àwọn àlejò máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. A jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wọn fún wákàtí mẹ́ta, a gé bébà, a lẹ̀ ẹ́ bíi ṣéènì. Ọmọkùnrin kékeré kan lẹ tirẹ̀ títí ó fi gùn ju yàrá lọ, ó sì kọ̀ pé a kò ní fi kọ́ ara ògiri. Ó wé e mọ́ ọrùn títí a fi lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo la yà, àwa nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.

Àríyá? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́ kò jẹ́ kí a tètè dé. Ìdí ìkòkò jọ́lọ́ọ̀fù ló kù, ó sì dùn bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì ni kẹ́ẹ̀gì méjèèjì wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fẹ́ ṣí ọ̀kan wò, olùkọ́ wa pariwo pé atẹ́gùn tuntun á wọlé, la bá kàn mì ín, a sì gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń dún. Sátidé kejì oṣù Fẹ́búárì la ó gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ méjì la ó háyà, àyè ènìyàn mẹ́ta ṣì kù. Ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀ ibí yìí, pẹ̀lú bírò, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù.