Kí Àbádòfin Tó Di Òfin

Ọ̀rọ̀ wa tòní jẹ mọ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, epo tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, àti iná mọ̀nàmọ́ná tí ń gba òkè orùlé wa. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò, ní Alímọ̀ṣọ́, kò ṣe àjèjì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni ibi tí a ti ń pinnu lórí wọn, àti ìgbà tí ó yẹ kí àwa náà dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti epo. Ọ̀pá epo kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Atlas Cove, létí òkun Èkó, tí ó sì gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Mósímí nítòsí Ṣágámù. Ní ọjọ́ 15 oṣù May ọdún 2008, katapílà tí ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn, lágbègbè Ìkòtún, kọ lu ọ̀pá epo. Epo tú jáde, iná sì sọ. Ilé ìwé wà nítòsí ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì fara gbá nínú sísá kìjokìjo. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé àwọn tí ó kú tó ọgọ́rùn-ún. Ọdún méjì kò tíì pé nígbà náà tí iná ọ̀pá epo ti pa ju igba ènìyàn lọ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ 26 oṣù December ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn olè ti lu ọ̀pá, tí àwọn ará àdúgbò sì wá ń gbọ́n epo.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ni a máa ń béèrè pé: Báwo ni ó ṣe yẹ kí ilé jìnnà sí ọ̀pá epo tó? Ta ni yóò ri àmì mọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀? Ta ni yóò san owó gbà-má-bínú? Òfin ni ó ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, a sì máa ń ṣe òfin kí jàǹbá tó dé. Àwọn àgbà ní, igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Báwo wá ni òfin ṣe ń di òfin? Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Aláùsá, ní Ìkẹjà. Ọmọ ilé náà jẹ́ 40, méjì nínú wọn ni Alímọ̀ṣọ́ ń yàn. Bí ẹnì kan bá mú àbádòfin wá, a ó kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ilé. Èyí ni kíkà àkọ́kọ́. Ní kíkà kejì, àwọn aṣòfin yóò jíròrò lórí ohun tí àbádòfin náà wà fún. Bí wọ́n bá fara mọ́ ọn, wọn yóò fà á lé ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, ilé yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní abala-abala, wọn yóò kà á lẹ́ẹ̀kẹta, wọn yóò sì gbé e lọ fún Gómìnà. Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí láti kọ̀ ọ́. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún fọwọ́ sí i, ó ti di òfin nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún wa. Ìgbìmọ̀ náà lè pe ìpàdé ìtagbangba, kí ó kéde rẹ̀, kí ó sì ní kí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn mú ìwé wá tàbí kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Ẹnu aṣòfin méjì péré kò lè ròyìn gbogbo ohun tí ojú irú èrò bẹ́ẹ̀ ń rí.

Irú ìjókòó mìíràn tún wà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún ilé aṣòfin ní agbára láti wádìí ìwà ìbàjẹ́, àìkúnjú-ìwọ̀n àti ìnákúnàá nínú iṣẹ́ tí owó ìjọba ń ṣe, ó sì lè ránṣẹ́ pe ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó wá jẹ́rìí. Èyí ń wo ohun tí ó ti kọjá. Ìpàdé ìtagbangba lórí àbádòfin ń wo ohun tí ń bọ̀.

Ó tún yẹ kí a mọ ilé tí a ó kàn. Bí ẹnì kan bá gbẹ́ kànga ní Ìgàndò tí ó kan wúrà, wúrà náà kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun àlùmọ́ọ́nì, epo rọ̀bì àti gáàsì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, Abuja ni a sì ti ń ṣe òfin wọn. Ti iná mọ̀nàmọ́ná yàtọ̀. Àtúnṣe tí a ṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ọdún 2023 jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná níbi gbogbo nínú agbègbè rẹ̀, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2024. Nítorí náà, ẹjọ́ iná lè dé Aláùsá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí a yí òfin ọ̀pá epo padà ní láti kàn sí aṣojú rẹ̀ ní Abuja.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé wọ́n tilẹ̀ ń gbọ́ tiwa? Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù January ọdún 2021, Ilé Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin pe ìpàdé ìtagbangba ní Abuja lórí àbádòfin epo rọ̀bì. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé kí àwọn iléeṣẹ́ epo máa mú ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná sórí iṣẹ́ wọn lọ́dún, kí wọ́n fi tún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ṣe. Àwọn aṣojú ìlú wọ̀nyẹn wá, wọ́n ní kò tó, wọ́n béèrè ìdá 10. Nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 16 oṣù August ọdún 2021, ìdá 3 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò rí 10 tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n 2.5 kò dúró bí ó ti wà. Àdúgbò tí ọ̀pá epo kàn gbà kọjá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó sọ ọ́, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì. Ní ọdún 1903, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin gbígba ilẹ̀ fún ìlò ìjọba. Kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìgbà náà tí àwọn ará Èkó dìbò yàn. Ọdún 1923 ni ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé. Ní ọdún 1913, ìjọba fi òfin náà gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pe ẹjọ́, kò rí ìdáláre gbà nílé, òun àti Herbert Macaulay sì rékọjá òkun lọ sí London. Oṣù July ọdún 1921 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ dájọ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ rẹ̀, àti pé bí a ti ń san owó fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni kí a san. Ọdún mẹ́jọ ni ó gbà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí a ń lò títí di òní, ìjọba ológun ni ó gbé e jáde ní ọjọ́ 29 oṣù March ọdún 1978. Ìjọba ti yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ọdún 1977, ṣùgbọ́n kò sí ilé aṣòfin tí yóò ka àbádòfin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin yìí fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn. Ìjọba lè gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ìlú, fún ìwakùsà tàbí fún ọ̀pá epo. A ó san owó ilé àti irè oko, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún náà ni a ó dá padà. Láti yí òfin náà padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ní Abuja ni yóò fọwọ́ sí i, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ẹ rí i bí ó ti ṣòro tó láti tún un ṣe.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, bí ẹ bá gbọ́ ìkéde ìpàdé ìtagbangba, ẹ má sọ pé ti àwọn lọ́yà ni. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà àbádòfin náà. Ẹ kọ ìwé tí kò gùn: orúkọ àdúgbò yín, abala òfin tí ó kàn yín, ohun tí ojú yín ti rí, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ mú àwòrán dání, kí ẹ sì rán ẹni tí ó lè sọ ọ́ láìbínú. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wádìí orúkọ àwọn méjì tí Alímọ̀ṣọ́ yàn sí Aláùsá, àti ti ẹni tí ó yàn sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Abuja, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn òbí yín nílé. Ẹni tí kò mọ orúkọ ẹni tí òun rán níṣẹ́, báwo ni yóò ṣe béèrè àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?