Ìfiwéra àbájáde ìdánwò oògùn

Ìfiwéra àbájáde ìdánwò oògùn ni ọ̀nà tí àwọn olùṣèwádìí ń gbà mọ̀ bóyá oògùn kan ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kí a fi ipò aláìsàn lẹ́yìn ìtọ́jú wé ipò tí ó wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Èkejì ni kí a fi àwọn tí ó lo oògùn wé àwọn tí ó lo plasíbò, èyí tí í ṣe hóró tí ó jọ oògùn náà ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú.

Ìdí tí ìfiwéra àkọ́kọ́ kò fi tó

Bí ara aláìsàn bá yá lẹ́yìn tí ó lo oògùn, kò túmọ̀ sí pé oògùn náà ló wò ó sàn. Àìsàn mìíràn a máa lọ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì sábà máa ń wọ inú ìdánwò nígbà tí àìsàn wọn bá le jù, ó sì ṣeé ṣe kí ó rọlẹ̀ láìsí oògùn. Ìrètí ìwòsàn náà a máa mú ara fúyẹ́. Bí a bá fi ìbò pín àwọn aláìsàn, nǹkan wọ̀nyí yóò kan ẹgbẹ́ méjèèjì bákan náà. Ìyàtọ̀ tí ó bá kù láàárín wọn, tí ó sì ju ohun tí èèṣì lè mú wá, ni a lè kà sí iṣẹ́ oògùn.

Àpẹẹrẹ

Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA tẹ àbájáde ìdánwò kan láti Amẹ́ríkà jáde. Aláìsàn 340 tí ó ní ìsoríkọ́ ni a pín sí ẹgbẹ́ mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹgbẹ́ kan lo ewéko Hypericum perforatum, tí àwọn òyìnbó ń pè ní St John's wort. Èkejì lo sertraline. Ẹ̀kẹta lo plasíbò. Lórí òṣùwọ̀n Hamilton, tí a fi ń wọn bí ìsoríkọ́ ṣe le tó, àmì àwọn tí ó lo ewéko náà fi 8.68 dínkù, ti sertraline fi 10.53 dínkù, ti plasíbò sì fi 9.20 dínkù. Ẹni tí ó bá wo ìbẹ̀rẹ̀ nìkan yóò sọ pé ewéko náà ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ plasíbò náà ṣe bákan náà.

Ìtumọ̀ rẹ̀

Sertraline, oògùn tí a fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ìsoríkọ́, kò fi ìyàtọ̀ tó dájú hàn sí plasíbò lórí òṣùwọ̀n yìí. Nítorí náà, ìdánwò yìí nìkan kò tó láti fi sọ pé ewéko náà kò wúlò rárá. Ohun tí ó fi hàn ni pé bí a bá gbọ́ pé ara àwọn tí ó lo oògùn kan yá, ó yẹ kí a béèrè bí ara àwọn tí kò lò ó ti rí.