Kò Dìgbà Tí Iná Bá Gbé Ni Kó Tó Jó Ni

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà pé bí ọwọ́ òun kò bá ti kan wáyà, ewu kò sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iná mànàmáná lè fò láti ara irin kan sí òmíràn, kó bú gbàù, kó sì jó ẹni tó kàn dúró nítòsí. Arc flash ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é. Ooru rẹ̀ lè tó 19,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta ooru ojú oòrùn lọ. Bàbà inú wáyà á di èéfín gbígbóná, á fẹ̀ lójijì, á ba etí jẹ́, á sì gbé èèyàn ṣánlẹ̀.

Sípánà kan tó já bọ́ sínú pánẹ́ẹ̀lì ti tó láti fà á. Eruku, omi òjò, wáyà tó ti bó, tàbí eku tó kó sínú àpótí iná náà lè fà á. Èyí tó dùn wá jù ni ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí iná tí wọn kò pa, nítorí ó ṣeé yẹra fún.

Ẹ pa iná láti orísun. Ẹ rántí pé jẹnẹrétọ̀ àti inverter lè gba ẹ̀yìn gbé iná wọlé. Ẹ fi àgádágodo ti bíréékà, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ fi kan ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe, kí ẹ sì tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́. Tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ á sọ fún yín pé iná kò sí, nígbà tó wà níbẹ̀.

Ẹ bọ́ òrùka àti aago. Ẹ má wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ iná: pọliẹ́sítà máa ń yọ́ mọ́ ara. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó pèsè aṣọ àti ìbòjú tó bá iṣẹ́ náà mu.

Bí arc flash bá jó ẹnì kan, ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹni náà, kí ẹ sì pe 112. Ẹ da omi tútù sí ojú ibi tó jó fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fa aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ má fi ẹyin tàbí epo pupa sí i. Bó tilẹ̀ ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí èéfín bàbà gbígbóná yẹn lè ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, a bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé kí òṣìṣẹ́ ṣí pánẹ́ẹ̀lì tí iná wà nínú rẹ̀ nítorí kí ẹ̀rọ má baà dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró.