Àwọ̀ Ẹyìn Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀



Ní Lagbé níbí, bàbá àgbàlagbà kan gbé ìdì ẹyìn méjì tí kò tíì pọ́n wá bá mi. Ọ̀kan dúdú bí èyí tí gbogbo wa mọ̀, èkejì ní àwọ̀ ewé. Ó ní: “Olùkọ́, abẹ́ ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni mo ti ṣa èkùrọ́ tí mo fi gbin àwọn méjèèjì, ẹyìn ìyá wọn sì ní àwọ̀ ewé. Kí ló dé tí ọmọ kan fi dúdú? Èwo nínú wọn ló ní epo jù?”

Inú ọgbà ilé àwọn Fadá ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Fadá Gregor Mendel, ti ẹgbẹ́ Àgùstínì Mímọ́ ní ìlú Brno, gbin irú ẹ̀wà tí àwọn Faransé ń pè ní petit pois. Ó pa èyí tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò pọ̀ mọ́ olódòdó funfun. Gbogbo ọmọ wọn jẹ́ elésè àlùkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà bí tiwọn, funfun tún yọjú, bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1866. Funfun kò kú. Ó fara pamọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pẹ. Lórí ọ̀ràn àwọ̀ ẹyìn, ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan gba ogún kan lọ́wọ́ ìyá, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá. Ogún àwọ̀ ewé borí ti dúdú. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ aláwọ̀ ewé lè gbé ogún dúdú pamọ́ sínú. Bí kòkòrò bá gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀pẹ dúdú wá bá a, ogún dúdú méjì lè pàdé lára ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko bàbá nìyẹn.

Ní ti epo, mo ní kí bàbá fi ọ̀bẹ la ẹyìn méjèèjì. Èèpo líle tó bo èkùrọ́ wọn nípọn bákan náà! Ogún èèpo yàtọ̀ sí ogún àwọ̀. Látìn ni a fi sọ wọ́n lórúkọ: dura, èyí tó le, tí èèpo rẹ̀ nípọn, pisifera, tí kò ní èèpo, ṣùgbọ́n tí ìdì rẹ̀ sábà máa ń rà kó tó gbó, àti tenera, èyí tó rọ̀, ọmọ àwọn méjèèjì, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Beirnaert àti Vanderweyen ló fi èyí hàn ní Yangambi, ní Kóńgò, ní 1941. Epo tenera fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju ti dura lọ. Òun ni ọ̀pẹ tuntun tí ibùdó ìwádìí Pobè, tí a dá sílẹ̀ ní 1922, ń pèsè irúgbìn rẹ̀.

Ibí ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ wa a máa wú ọmọ ọ̀pẹ tó lalẹ̀ hù lábẹ́ ọ̀pẹ tuntun, torí pé owó irúgbìn wọ́n. Bí tenera bá gba lẹ́búlẹ́bú tenera, nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á padà di dura, méjì á jẹ́ tenera, ọ̀kan á di pisifera tí kì í sábà so. Ìdajì oko ti bọ́ nìyẹn, a kò sì ní mọ̀ títí di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń retí owó ilé-ìwé.

Mo sọ fún bàbá pé kó má gé ọ̀pẹ aláwọ̀ ewé rẹ̀, nítorí bí ó bá pọ́n, tó pupa bí ọsàn, ojú a tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ dá oko fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kó ra irúgbìn tí a mọ ìyá àti bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Àṣé bí a ti ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́yàwó náà ni.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ̀yin ará.