Ètùtù, Ìdáláre àti Àtúnbí: Àwọn Kókó Ẹ̀kọ́ Ìjọ Ajíhìnrere nínú Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Ó ti lé ní 170 ọdún tí àwọn Yorùbá ti ń fi èdè abínibí wọn wàásù ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni ó ti wà lórí bí a ṣe túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá àti lórí ipa tí ìtumọ̀ náà kó nínú àkọtọ́. Ohun tí ó jẹ bébà yìí lógún yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé ẹ̀kọ́ pàtàkì ìjọ ajíhìnrere ró ni ó fẹ́ tú palẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ilé ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀: òmíràn ti ojúbọ wá, òmíràn ti ibi ìdájọ́ wá, òmíràn sì ti inú agboolé wá, níbi tí a ti ń bímọ tí a sì ti ń sọmọ lórúkọ. Kí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé wá láti ilé, kí ni ó sì fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ? Ẹni tí kò bá wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lè ṣi ìwàásù gbọ́, ó sì lè ṣi ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ pàápàá túmọ̀.

2. Ohun tí Ìgbàgbọ́ Ajíhìnrere jẹ́

Ìgbàgbọ́ ajíhìnrere kì í ṣe orúkọ ìjọ kan ṣoṣo. Ẹ̀ka kan ni láàrin àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ìsọjí ọ̀rúndún kejìdínlógún ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà ni ó sì mú un gbilẹ̀, nígbà tí John Wesley, George Whitefield àti Jonathan Edwards ń wàásù. Onímọ̀ ìtàn David Bebbington, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1989, to àmì mẹ́rin jọ tí a fi ń dá ẹ̀ka yìí mọ̀: pé ènìyàn gbọ́dọ̀ yí padà, pé Bíbélì ni àṣẹ tí ó ga jù, pé ikú Jésù lórí igi àgbélébùú ni ọ̀pómúléró ìgbàlà, àti pé onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ ṣe aápọn, pàápàá nípa iṣẹ́ ìwàásù.

Ẹ̀ka yìí ni ó gbé ẹ̀sìn náà dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ajíhìnrere inú Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní ọdún 1799, ẹgbẹ́ yìí ni ó sì rán Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wá sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dé Àgbádárìgì ṣáájú wọn ní ọdún 1842, Thomas Jefferson Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi sì dé ní ọdún 1850. Nínú ọdún 1850 yìí kan náà ni ìtumọ̀ tí Crowther ṣe fún ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde. Èyí yẹ ní àkíyèsí, nítorí pé ìwé Róòmù ni àwọn ajíhìnrere kà sí àkójá ẹ̀kọ́ wọn. Gbogbo Bíbélì kò jáde lódindi ní Yorùbá títí di ọdún 1884.

3. Ẹ̀ṣẹ̀ àti ètùtù

Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣẹ̀ ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀ṣẹ̀. Ní èdè Yorùbá, ènìyàn kì í kàn ṣẹ̀ lásán. Ẹnìkan ni a máa ń ṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà ti gbé ẹni tí ó bínú dání. Ẹ̀kọ́ ajíhìnrere bá a mu níhìn-ín, nítorí pé Ọlọ́run ni wọ́n ní gbogbo ènìyàn ti ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ ni ètùtù. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ètùtù ni ohun tí a ń ṣe láti rọ òrìṣà, òkú ọ̀run tàbí agbára mìíràn tí inú ń bí. Babaláwo a dífá, Ifá a sọ ohun ètùtù, ẹni tí ọ̀ràn kàn a sì wá a kiri. Bí ọ̀ràn mìíràn bá tún dé, ètùtù mìíràn nìyẹn. Bíbélì Yorùbá mú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó fi í ṣe orúkọ fún Jésù ní Róòmù orí kẹta àti nínú ìwé kìn-ín-ní Jòhánù.

Ìtumọ̀ náà kò sọnù, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta yí padà. Èkíní, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó pèsè ohun ètùtù, kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀. Èkejì, ohun ètùtù náà kì í ṣe ẹran tàbí obì bí kò ṣe Ọmọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìwé Hébérù ti tẹnu mọ́ ọn, a kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe. Ẹni tí ó ti ojúbọ wá mọ ohun tí ètùtù jẹ́, ó sì mọ iye tí ó ń ná ni. Ìyẹn ni ó fi lè mọ bí ìròyìn tuntun náà ti tóbi tó. Bí olùtumọ̀ bá ti yẹra fún ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó jẹ́ ti abọ̀rìṣà, kì bá ti rí òmíràn tí yóò wúwo tó o.

4. Ìdáláre àti oore-ọ̀fẹ́

Bí ètùtù ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ojúbọ ni ìdáláre jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Inú àpólà-ìṣe dá ní àre ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. Lọ́dọ̀ baálé tàbí ní ààfin ọba, àwọn méjì a rojọ́, ọ̀kan a jàre, èkejì a jẹ̀bi. Adájọ́ tí ó bá dá ajẹ̀bi láre, ìlú yóò sọ pé ó ti gbàbẹ̀tẹ́lẹ̀ tàbí pé ó ń ṣe ojúsàájú.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù sì ń kọ́ni ni pé Ọlọ́run ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ gbólóhùn yìí kí ó má ta á. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ajíhìnrere ṣe so ìdáláre mọ́ ètùtù tímọ́tímọ́: a ti san ohun tí ẹjọ́ náà bèèrè, nítorí náà Onídàájọ́ kò ṣe èrú. Ìgbàgbọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń gbà á, láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ oore-ọ̀fẹ́ sọ èyí kedere. Oore nìkan lè bèèrè ìdúpẹ́ àti ìsanpadà láwùjọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tí a kàn mọ́ ọn ti dí ọ̀nà gbèsè.

5. Àtúnbí àti àtúnwá

Nígbà tí Jésù sọ ọ̀rọ̀ àtúnbí fún Nikodémù ní Jòhánù orí kẹta, ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún un. Kò lè ya Yorùbá lẹ́nu lọ́nà kan náà, nítorí pé Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ wà nínú agboolé. Ewu tí ó wà ni pé kí olùgbọ́ rò pé òun ti mọ ohun tí oníwàásù ń sọ.

Gírámà ran ni lọ́wọ́ láti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú àtúnwá, ẹni tí ó ń padà bọ̀ ni olùwà: baba tún dé. Nínú àtúnbí, ènìyàn ni àbọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe: a tún un bí. Kì í ṣe òun ni ó bí ara rẹ̀. Bákan náà, lẹ́yìn ikú ni àtúnwá, ó sì ń so ọmọ mọ́ ìdílé baba rẹ̀. Lójú ayé ẹni ni àtúnbí, olúkúlùkù ni ó sì kàn ní ti ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì, èyíinì ni lẹ́ẹ̀kejì àti láti òkè wá. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni tún gbé jáde; èkejì kù sọ́wọ́ oníwàásù láti ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe láwùjọ. Ìgbàgbọ́ tí í ṣe gbígbà àti gbígbọ́ ti di orúkọ ẹ̀sìn lódindi, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè pe ènìyàn ní onígbàgbọ́ nítorí ilé tí a bí i sí nìkan. Nígbà tí ìsọjí gbòde láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àwọn ọdún 1970, tí W. F. Kumuyi, olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì tirẹ̀ ní ọdún 1973, àtúnbí ni a fi ń ya onígbàgbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára onígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹjú jù. Òmíràn ni ó wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

6. Ìrònúpìwàdà, ìwà àti ìgbàlà

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí ìrònúpìwàdà dá lórí yíyí èrò padà. Yorùbá kò dúró síbẹ̀: ro inú, pa ìwà dà. Ìwà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, kò sì yani lẹ́nu lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń sọ pé ìwà lẹ̀sìn. Síbẹ̀, àwọn ajíhìnrere kò gbà pé ìwà rere ni ó ń gbani là. Lójú tiwọn, èso ni ìwà, kì í ṣe gbòǹgbò. Ẹni tí a ti dá láre ni ìwà rẹ̀ yóò dà. A kò dá a láre nítorí pé ìwà rẹ̀ ti dà.

Gbà àti là ni ó di ìgbàlà. Là inú rẹ̀ ni ti ẹni tí ó yè nínú ewu. Ìró rẹ̀ bá là mìíràn dọ́gba, èyí tí í ṣe kí ènìyàn di ọlọ́rọ̀. Ní àsìkò tí ìwàásù ọrọ̀ ti gbilẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìgbàlà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdájọ́ ni ẹ̀kọ́ ajíhìnrere àtilẹ̀wá fi síwájú.

7. Bíbélì àti aápọn ìwàásù

Nítorí pé ìjọ ajíhìnrere fẹ́ kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì, kíkọ èdè sílẹ̀ di iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ìpàdé àkọtọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 jẹ́ ọ̀kan nínú èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà: ìwàásù, àdúrà, wòlíì, àlùfáà. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó bá ẹ̀sìn Ìmàle wọlé ni gbogbo wọn. Ìmàle ti wà nílẹ̀ kí Ìgbàgbọ́ tó dé, àwọn olùtumọ̀ sì lo ohun tí wọ́n bá lẹ́nu ará ìlú.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ẹ̀kọ́ kan tí ó ní òun kò fẹ́ ojúbọ mọ́, ẹnu ojúbọ ni ó ti yá ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù fún un. Èyí kì í ṣe àbùkù fún ìjọ, kì í sì í ṣe ìṣẹ́gun fún ojúbọ. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìtumọ̀ tí ó yè kooro máa ń gba ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti fi jìyà, tí wọ́n ti fi yọ̀, tí wọ́n sì ti fi bẹ̀bẹ̀. Ó tọ́, nígbà náà, kí olùkọ́ èdè má ṣe kọ́ ètùtù tàbí àtúnbí bí ẹni pé ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ilé méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rù wá àti ohun tí ó sọ̀ kalẹ̀.