Ẹni tó bọ́ aṣọ àlùfáà wọ òṣèlú: kí la fẹ́ bi í?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ lábẹ́lẹ̀, tí a kì í fẹ́ gbé síta. Ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run láàrin wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló ń bá wa sìnkú, òun ló ń bá wa sọmọ lórúkọ, òun ló ń parí ìjà láàrin tọkọtaya. Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i, a rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri: ó ń wá ìbò.

Lọ́jà, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni, pé ẹni tó lè já Ọlọ́run jù sílẹ̀, ta ni kò ní já jù sílẹ̀? Àwọn mìíràn á ní òun gan-an ni àwọn máa dìbò fún, torí ẹni tó ti mọ Bíbélì kò lè kówó ìlú jẹ. Lójú tiwa, apá méjèèjì ló yára dájọ́. Aṣọ ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Kí a má baà fi ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ, ìtàn ọkùnrin kan tó ti kú la fẹ́ fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Faransé kan náà tí àwọn bàbá wa wà ló wà.

Ọmọ òrukàn tó di àlùfáà

Barthélemy Boganda lorúkọ rẹ̀. Ní 1910 ni wọ́n bí i ní abúlé Bobangui, ní agbègbè Lobaye, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Oubangui-Chari nígbà náà. Ilẹ̀ yẹn là ń pè ní Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà lónìí. Ayé ìyà ni wọ́n bí i sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló gba igbó, tí wọ́n ń fi tipátipá lé ará abúlé lọ wá rọ́bà. Ọwọ́ àwọn ènìyàn irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí.

Ọmọ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n kọ́ ọ níwèé, wọ́n sì rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1938, ó di àlùfáà Ìjọ Àgùdà. Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ní 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé ń yan aṣòfin tí yóò lọ jókòó ní Paris. Láti Dàhòmì tiwa, Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, wà lára àwọn tó lọ. Láti Oubangui-Chari, Boganda ni wọ́n yàn. Kò sá kúrò nílé ìjọsìn o. Bíṣọ́ọ̀bù Bangui, Marcel Grandin, ló gbà á níyànjú pé kó jáde. Tòun taṣọ àlùfáà lọ́rùn ló fi dé Paris.

Ohun tó bá níwájú kò rọrùn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti ṣe òfin tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá, èyí tí Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire gbé wá. Òfin wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n lábúlé, ẹni tí kò bá gbin òwú tó bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣì ń rí ìyà he. Boganda ń pariwo ní Paris, etí tó gbọ́ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sípò rẹ̀. Bí ènìyàn bá wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi pé ká fẹ́ràn ọmọnìkejì wa, tó wá rí i ní ọjọ́ Ajé pé wọ́n ń fìyà jẹ ará ìjọ rẹ̀ nítorí òwú, ṣé àdúrà nìkan ló kàn? Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ àti òṣèlú ti pàdé lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, àti èyí tó já

Ní 1948, ó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Lobaye, kí wọ́n lè máa ta ọjà wọn fúnra wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 1949, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MESAN. Iṣẹ́ márùn-ún ni ẹgbẹ́ náà gbé ka iwájú: kí a bọ́ ènìyàn, kí a fi aṣọ wọ̀ wọ́n, kí a wò wọ́n sàn, kí a kọ́ wọn níwèé, kí a fún wọn ní ilé. Ẹni tó bá ti ka Mátíù orí 25 á rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà síbẹ̀. Ní èdè Sango, gbólóhùn rẹ̀ kúrú: Zo kwe zo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn ni gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀. Boganda ti pàdé obìnrin Faransé kan, Michelle Jourdain, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé aṣòfin. Ẹ̀jẹ́ tí àlùfáà Àgùdà máa ń jẹ́ ni pé òun kò ní láya. Ní ìparí 1949, bíṣọ́ọ̀bù tuntun, Joseph Cucherousset, dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà. Ní oṣù kẹfà 1950, ó gbé Michelle níyàwó.

A kò ní bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́, ó sì já a. Ìjọ tó ní kó bọ́ aṣọ kò ṣe é níbi. Ṣùgbọ́n kò fi ìyàwó pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kó tún máa gun pẹpẹ lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síta, ó sì gba ohun tó tẹ̀lé e. Àwa ò mọ iye ènìyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ní oṣù kìn-ín-ní 1951, ìjà ọjà kan ṣẹlẹ̀ ní Lobaye láàrin àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ àti àwọn oníṣòwò òyìnbó. Boganda dá sí i. Ìjọba mú òun àtìyàwó rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù méjì fún un. Àwọn tó rò pé ó ti tán fún un ṣìnà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ará ìlú tún dìbò yàn án.

Àbí a fẹ́ sọ pé ohun gbogbo tó fọwọ́ kàn ló dára? Rárá o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn wó lulẹ̀, torí wọn kò rí owó rẹ̀ bójú tó dáadáa. Ọkàn tó mọ́ kò tó láti fi ṣòwò. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí ju àwa lọ.

Nígbà tí ìlú gbé ènìyàn gorí pẹpẹ

Láti ìgbà yẹn, òkè ni Boganda ń lọ. Ó di mẹ́ẹ̀rì Bangui ní 1956. Ní 1957, MESAN gba gbogbo ìjókòó nílé aṣòfin ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1958, ó kéde orílẹ̀-èdè tuntun, ó sì di olórí ìjọba rẹ̀.

Ó ti bọ́ aṣọ àlùfáà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò bọ́ ọ kúrò lọ́kàn tiwọn. Ọ̀pọ̀ gbà pé agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣì ń gbọ́ lórí pápá òṣèlú, ẹni tó bá sì ń gbọ́ ìwàásù kì í nawọ́ béèrè pé, "Owó wa dà?" Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1959, ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e láti Berbérati já lulẹ̀ nítòsí Boda. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ kò gbà pé ìjàm̀bá lásán ni. Òmìnira dé ní 1960 láìsí i. Lọ́dún náà, David Dacko tó rọ́pò rẹ̀ tú ẹgbẹ́ alátakò ká. Nígbà tí 1965 ń parí lọ, Jean-Bedel Bokassa, ọmọ Bobangui àti ìbátan Boganda fúnra rẹ̀, fi ìbọn gba ìjọba. Ó di olú-ọba ní 1976. Zo kwe zo ṣì wà lára àmì orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n a mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn níbẹ̀. Nígbà tí ìlú fara ti ẹnì kan ṣoṣo, ikú ẹni náà ló di ikú ilé.

Àwọn méjì nítòsí wa

Ọ̀nà mìíràn wà o. Òfin Ìjọ Àgùdà ti 1983 sọ ọ́ gbangba pé àlùfáà kò gbọ́dọ̀ di ipò àṣẹ ìjọba mú. Síbẹ̀, nígbà tí ilé fẹ́ jó ní Benin, tí báńkì ti dẹnu kọlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kò rówó oṣù gbà, bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni wọ́n fi ṣe alága Àpérò Àpapọ̀ ní Kútọ̀nù, láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì 1990. Ó darí ìgbìmọ̀ tó ṣọ́ ìlú títí di ìbò 1991. Ì bá fẹ́ di ààrẹ, ọ̀pọ̀ ì bá tẹ̀ lé e. Kò du ipò náà. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní oṣù kẹta 1999.

Ní Tógò, bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé, Philippe Fanoko Kpodzro, ló darí irú àpérò bẹ́ẹ̀ ní 1991. Ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Lomé, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2007. Ní ìbò ààrẹ 2020, bàbá arúgbó náà jáde, ó ti Agbéyomé Kodjo lẹ́yìn ní gbangba. Nígbà tí wọ́n kéde pé Faure Gnassingbé ló wọlé, kò gbà. Ilẹ̀ òkèèrè, ní Sweden, ló kú sí ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bá a wí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé torí ipò ara rẹ̀ ló ṣe jáde.

Ohun tí a lè bi í

Nítorí náà, bí ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ẹ má ṣépè fún un, ẹ má sì kúnlẹ̀ fún un. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kí ló dé tó fi kúrò? Bó bá lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí a tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó ti dára díẹ̀. Èkejì, nínú iṣẹ́ márùn-ún Boganda yẹn, èwo ló ti ṣe kó tó wá ìbò? Ta ló bọ́? Ọmọ ta ló rán níléèwé? Ẹ̀kẹta, ta ló lè bá a wí? Bíṣọ́ọ̀bù tàbí àwọn àgbà ìjọ ló ń bá a wí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bó bá gba owó kọmúùnù, ta ni yóò jíhìn fún?

Bó bá sì jẹ́ pé kò wá ìbò rárá, pé ó kàn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó padà sóko tàbí tó gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó rímú mí. Ẹni tó ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà ti ní ìjà tó tó o. Ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.